Linux Wo Ló Bá Kọ̀ǹpútà Yín Mu? Mint, Ubuntu, Debian, Fedora, Arch àti Àwọn Fúyẹ́fúyẹ́

Láti ìgbà tí Microsoft ti parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìbéèrè kan ti ń jáde lẹ́nu àwọn tí kò ronú kan Linux rí: èwo ni kí n lò nínú wọn? Windows 11 ń béèrè ṣíìpù ààbò TPM 2.0, bẹ́ẹ̀ ni kò gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018. Kọ̀ǹpútà tí nǹkan kan kò ṣe, tó ń tàn, tó ń tẹ̀wé, tó ń wo fídíò, wá di ohun tí wọ́n ní kí a gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìdáhùn kò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Linux fúnra rẹ̀ ni kernel, ìyẹn apá tó ń bá irin kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland lọ́dún 1991. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ń mú kernel yìí, tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ GNU àti sọ́fúwíà mìíràn tí kóòdù wọn wà ní gbangba mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń fún àkójọ náà lórúkọ. Àwọn àkójọ wọ̀nyẹn là ń pè ní ẹ̀yà Linux. Firefox tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì, LibreOffice náà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lemọ́lemọ́ tó, iye ọdún tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kan, àti iye iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní fi ẹwà bẹ̀rẹ̀. Ojú iṣẹ́, ìyẹn ohun tí ẹ ń rí tí ẹ sì ń tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bíi GNOME, KDE Plasma, Cinnamon, Xfce àti irú wọn, ṣeé pààrọ̀ lórí ẹ̀yà kan náà láì nu nǹkan kan. Ìṣísẹ̀ àtúnṣe, ìyẹn bí ohun tuntun ṣe ń yára dé sí, ni kì í ṣeé pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yan ẹ̀yà nítorí pé ó dùn-ún wò ti yan ohun tó rọrùn jù láti yí padà, ó sì ti gbójú fo èyí tí yóò máa bá a gbé.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ wo ápù tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má lò. Microsoft Office tí à ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, Photoshop àti AutoCAD kò ní ẹ̀dà Linux. LibreOffice ń ṣí fáìlì Word àti Excel, lẹ́tà àti ìṣirò tí kò díjú kì í sì fún un ní wàhálà. Àmọ́ fáìlì Excel tó kún fún macro (àwọn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn nínú fáìlì), tàbí ìwé Word tí wọ́n to àwòrán àti àtẹ sínú rẹ̀ wálẹ̀ wálẹ̀, lè tú ká. Office orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ nínú Firefox. Wine lè mú àwọn ápù Windows kan ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbára lé e fún iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ti géèmù ti sàn gan-an: láti ìgbà tí Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà géèmù Steam, ti gbé Proton tó ń mú géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux jáde lọ́dún 2018, ọ̀pọ̀ géèmù Steam ló ń lọ geere lórí Linux, àfi àwọn géèmù àjọta kan tí ètò tó ń mú oníjìbìtì nínú wọn kò gba Linux láyè. Lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹ̀yà tó sàn ju èkejì lọ. Bí iṣẹ́ yín bá so mọ́ Photoshop, ìjà Mint àti Fedora kò tíì kàn yín.

Lẹ́yìn náà, ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà àti ìwọ̀n RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó ń jẹ RAM jù lónìí kì í ṣe ètò ìṣiṣẹ́, bráwúsà ni. Ẹ̀yà tó fúyẹ́ jù láyé kò lè mú kí ogún ojú ewé tí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà fúyẹ́. Ká sì sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá yọ háádì dísíìkì àtijọ́ tó ń yí gìrìgìrì kúrò, tó fi SSD, dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀, yóò rí ìyàtọ̀ ju ẹni tó dán ẹ̀yà mẹ́wàá wò lọ.

Irin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Káàdì àwòrán Intel àti AMD kì í sábà dààmú ẹni, torí dráífà wọn, sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí ètò mọ irin lò, ti wà nínú kernel. NVIDIA ń fẹ́ dráífà tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, Wi-Fi Broadcom kan náà ń fẹ́ tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìka láti fi ṣí láptọ́ọ̀pù sì lè má ṣiṣẹ́ rárá.

Èyí tí mo fi ṣe àgbà fún gbogbo wọn ni ìṣísẹ̀ àtúnṣe, àti ẹni tí yóò jókòó tì í lọ́jọ́ tó bá dákú. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni gbogbo àwọn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Dátà àti àkókò ni ẹ ó ná.

Linux Mint

Clement Lefebvre ló dá Mint sílẹ̀ lọ́dún 2006. Orí Ubuntu tó ń gba ìtọ́jú ọlọ́dún márùn-ún ni wọ́n ń kọ́ ọ lé: Mint 22 tó jáde lọ́dún 2024 dúró lórí Ubuntu 24.04, ìtọ́jú rẹ̀ yóò sì dé ọdún 2029. Cinnamon, ojú iṣẹ́ tiwọn, ní bọ́tìnnì àkójọ ápù nísàlẹ̀ lápá òsì, àwọn ápù tó ṣí ń tò sí ìsàlẹ̀ náà, aago sì wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó ti lo Windows 7 tàbí 10 kò nílò olùkọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú rẹ̀ ni mo fi ń gbè é. Àwọn tó ń ṣe Mint mọ̀ pé ẹni tó ń lò ó kì í ṣe amòye, wọ́n sì fi ìyẹn sọ́kàn níbi gbogbo. Driver Manager ń wá dráífà NVIDIA àti Broadcom, ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Timeshift ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀: ẹ lè ní kó máa ya ẹ̀dà ètò náà pa mọ́ lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé bí àtúnṣe kan bá da nǹkan rú, ẹ ó dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. (Ètò ni Timeshift ń pa mọ́ o, kì í ṣe àwòrán àti ìwé yín, ìyẹn ń fẹ́ ibi ìpamọ́ tirẹ̀.) Tí ìgbà bá sì tó láti kọjá sí ẹ̀dà tuntun, kò sí ẹni tó ń fipá mú yín.

Ní ti ìwọ̀n, 2 GB RAM ni wọ́n ní ó kéré jù, 4 GB ló tura. Àyè 20 GB lórí dísíìkì ló kéré jù, 100 GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Fáìlì tí ẹ ó gbà wálẹ̀ súnmọ́ 3 GB. Bí Cinnamon bá wúwo, ẹ mú èyí tó ní Xfce, orúkọ kan náà, ìtọ́jú kan náà.

Ibi tó kù sí? Láptọ́ọ̀pù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kernel Mint kì í ṣe tuntun jù lọ, ó lè máà mọ irin tó dé ọjà lóṣù tó kọjá. Bákan náà, Cinnamon ṣì ń lo X11, ọ̀nà àtijọ́ tí Linux fi ń gbé àwòrán sójú mónítọ̀, níbi púpọ̀, torí náà ẹni tó so mónítọ̀ 4K mọ́ mónítọ̀ kékeré lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé lẹ́tà tóbi jù níhìn-ín, ó kéré jù lọ́hùn-ún. Lórí èyí, GNOME àti Plasma fi í sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ubuntu

Mark Shuttleworth àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Canonical, ló gbé Ubuntu jáde lọ́dún 2004. Lóṣù Kẹrin gbogbo ọdún méjì ni LTS ń jáde, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún márùn-ún. Ubuntu Pro fi ọdún márùn-ún mìíràn lé e, ọ̀fẹ́ sì ni fún kọ̀ǹpútà márùn-ún tí ẹnì kan bá ń lò fúnra rẹ̀. Èyí tó ń jáde láàárín méjì, lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́sàn-án péré ni ìtọ́jú rẹ̀. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ yóò fi gbé e.

Agbára Ubuntu ni pé òun ni gbogbo ayé ń kọ ìtọ́ni fún. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ápù fún Linux, Ubuntu ló sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Dell àti Lenovo ń ta láptọ́ọ̀pù tí Ubuntu ti wà lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá ológun ilẹ̀ Faransé, Gendarmerie, gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn tó lé ní 70,000, wọ́n sì ń pè é ní GendBuntu.

Ohun tó ń bí àwọn àgbà Linux nínú ni Snap, ọ̀nà tí Canonical ń gbà pín ápù. Firefox orí Ubuntu, Snap ni, kódà bí ẹ bá fi apt, àṣẹ ìgba-ápù, béèrè rẹ̀ nínú tẹ́mínà, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ. Ó ti yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àmọ́ ibi tí gbogbo Snap ti ń wá, ọwọ́ Canonical nìkan ló wà, kóòdù rẹ̀ kò sì sí ní gbangba. Fún ẹni tó torí òmìnira wá sí Linux, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti Mint 20 ni Mint ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Snap. Fáìlì Ubuntu 24.04 lé ní 5 GB, ó sì ń béèrè 4 GB RAM tí bráwúsà yóò gbé mì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ní 8 GB ni mo lè kọjú rẹ̀ sí ibẹ̀.

Debian

Debian ti wà láti ọdún 1993, Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín títí dòní. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé, Mint sì wá dúró lórí Ubuntu. Ẹni tó bá lo èyíkéyìí nínú wọn ti ń jẹ nínú oko Debian. Nǹkan bí ọdún méjì-méjì ni ẹ̀dà tuntun ń jáde (Debian 13, Trixie, jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 2025), ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tó ọdún márùn-ún bí a bá ka LTS mọ́ ọn.

Wọ́n ní Debian lọ́ra. Ó lọ́ra lóòótọ́, ẹ sì wo ohun tí ìlọ́ra rẹ̀ ń rà fún èèyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Andres Freund, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọ̀nà SSH, tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan ti dọ́gbọ́n gbẹ́ sínú xz, sọ́fúwíà kékeré tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, tó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀yà Linux. Ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 tó ní májèlé yìí ti wọ ibi tí wọ́n ti ń sáré tẹ̀lé ohun tuntun: ẹ̀ka ìdánwò Debian fúnra rẹ̀, Fedora tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́, openSUSE Tumbleweed, Arch. Kò wọ Debian stable, ẹ̀dà tí wọ́n ti parí fún gbogbo ènìyàn. Kò wọ Ubuntu LTS. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n kàn ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ débi pé àṣírí ti tú kí májèlé tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Owó tí ẹ ó san fún ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí ni ápù tó ti pẹ́. Tí LibreOffice tuntun bá jáde lọ́la, Debian stable kò ní fún yín títí ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni Flatpak, ọ̀nà ìpín ápù tó wà lọ́tọ̀ sí ti ẹ̀yà fúnra rẹ̀: ètò abẹ́ dúró ṣinṣin, ẹ sì ń gba ápù tuntun mélòó kan tí ẹ fẹ́ láti Flathub, ibi tí ápù rẹ̀ wà. Ẹ̀sùn àtijọ́ pé Debian kì í rí Wi-Fi nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà ti dópin láti Debian 12 lọ́dún 2023, ìgbà tí wọ́n gbà kí firmware (sọ́fúwíà kékeré tí irin fi ń ṣiṣẹ́) tí kóòdù rẹ̀ kò sí ní gbangba wà nínú fáìlì náà. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti Mint lọ. Àmọ̀ràn kan tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ orífífọ́: níbi tó bá ti béèrè pásíwọ́ọ̀dù fún root, ìyẹn ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ fi í sílẹ̀ lófo. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tiyín yóò fi ní àṣẹ sudo, tí ẹ ó fi máa ṣe iṣẹ́ ọ̀gá náà. Fáìlì netinst rẹ̀ kò tó 1 GB, ìyókù ni yóò máa fà wálẹ̀ bó bá ṣe nílò rẹ̀.

Fedora

Ilé-iṣẹ́ Red Hat ló ń gbè é lẹ́yìn láti ọdún 2003. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lọ bí oṣù mẹ́tàlá. Ìyẹn ni pé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ kúrò láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Bọ́tìnnì kan ni, ó sì sábà máa ń lọ láìsí ìjàmbá, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀.

Èrè rẹ̀ ni pé kernel tuntun ń dé ọ̀dọ̀ yín kíá, torí náà láptọ́ọ̀pù tuntun kì í ṣe àlejò sí i. Wayland àti PipeWire, ohun tó ń gbé àwòrán àti ohùn lónìí, Fedora wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣe tiwọn. GNOME rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gẹ́lẹ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rí, láti Fedora 42 lọ́dún 2025 sì ni wọ́n ti gbé KDE Plasma dé ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀: nítorí òfin ẹ̀tọ́ lórí ohun tí èèyàn hùmọ̀, àwọn codec fídíò kan (sọ́fúwíà tó ń ṣí fídíò) kò sí nínú rẹ̀ látilẹ̀, dráífà NVIDIA náà kò sí. Ẹ ó fi RPM Fusion, ibi ìpamọ́ ápù tó wà lẹ́yìn òde Fedora, kún un kí fídíò kan tó ṣeé wò. Kò le, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́.

Arch, àti Tumbleweed

Arch (2002) kò ní ẹ̀dà. Ohun tó bá ti dé ni ẹ ó gbà, lójoojúmọ́ bí ẹ bá fẹ́. Tẹ́mínà ni wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé archinstall ti dín iṣẹ́ náà kù. Ẹ óò mọ inú kọ̀ǹpútà yín bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Ẹ óò sì máa ka ìròyìn wọn kí ẹ tó gba àtúnṣe, torí ìgbà mìíràn ń bẹ tí àtúnṣe ń fẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan kan. AUR, ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbé ápù sí, ló mú kí ápù Arch pọ̀ lọ súà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí kóòdù ọ̀daràn nínú àwọn ápù kan lọ́dún 2025. Dátà tí àtúnṣe rẹ̀ ń jẹ lọ́dún ju ti Debian lọ fíìfíì. Mo bọ̀wọ̀ fún Arch. Mi ò ní gbé e lé ẹni tó ní ìwé láti fi sílẹ̀ láago mẹ́jọ òwúrọ̀ lọ́wọ́. ArchWiki wọn ni kí gbogbo ènìyàn máa lò, ẹ̀yà yòówù tí wọ́n bá ní.

Ẹni tó bá fẹ́ ìṣísẹ̀ yìí pẹ̀lú okùn ààbò nídìí, kó wo openSUSE Tumbleweed. Ẹ̀rọ openQA ń dán àkójọ náà wò kó tó jáde, Snapper sì ń ya ẹ̀dà ètò pa mọ́ ṣáájú àtúnṣe.

Fún kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó

Lubuntu, Xubuntu, MX Linux, antiX. Lórí 2 GB RAM, MX pẹ̀lú Xfce tàbí Lubuntu ṣì ń gbéra. Ẹ fiyè sí i pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú Lubuntu àti Xubuntu LTS, kì í ṣe márùn-ún bíi ti Ubuntu. Fún kọ̀ǹpútà 32-bit, ìyẹn àwọn àtijọ́ gan-an, ilẹ̀kùn ń tì lọ: Ubuntu ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, Debian 13 náà kò ní fáìlì ìgbéwọlé fún un mọ́. antiX 23 ṣì ní ti 32-bit.

FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ mìíràn, kì í ṣe Linux, àwọn kan sì máa ń béèrè rẹ̀. Netflix ń fi í pín fídíò láti orí sáfà rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì mọ́ ọn lára. Lórí láptọ́ọ̀pù, Wi-Fi rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ti Linux. Ẹ jẹ́ kó wà ní sáfà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan dísíìkì

Ẹ kọ ẹ̀yà tí ẹ yàn sórí fláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ láì gbé e wọlé, bí a ṣe ń wọ bàtà rìn wò kí a tó sanwó. Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí kọ̀ǹpútà sùn kó sì jí: ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò níbẹ̀. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ lórí fláàṣì, ẹ má ṣe retí pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ fi SHA256, àmì ìdánimọ̀ fáìlì tí àwọn tó ṣe é kọ síta, yẹ fáìlì tí ẹ gbà wálẹ̀ wò. Lóṣù Kejì ọdún 2016, àwọn gbájú-ẹ̀ wọ ibùdó Mint orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì darí àwọn ènìyàn sí fáìlì tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Bí Windows bá ṣì wà lórí dísíìkì yín, tí ẹ sì fẹ́ kí méjèèjì jọ wà, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín (èyí tí Windows fi ń ti dísíìkì pa) sílẹ̀ kí ẹ tó gé àyè lára rẹ̀. Fáìlì yín, ẹ ti kó o sí ibòmíràn ná.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń bọ̀ láti Windows, tó ní 4 GB RAM sókè, tí kò sí amòye nítòsí rẹ̀: Mint Cinnamon. Mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà ìyá tàbí bàbá yín, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà ni wọn yóò pè, Debian pẹ̀lú Cinnamon tàbí Xfce yóò dín ìpè wọ̀nyẹn kù.

Ubuntu LTS ló bá ẹni tí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé rẹ̀ ń lo sọ́fúwíà tí wọ́n kọ “Ubuntu” sára ìtọ́ni rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bá ìtọ́ni jà. Òun náà ni mo máa mú fún ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà púpọ̀, tó sì fẹ́ ilé-iṣẹ́ tó lè sanwó fún láti bá a dá sí i.

Láptọ́ọ̀pù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mónítọ̀ méjì, ẹni tó ń kọ kóòdù: Fedora, bí àtúnṣe ọdọọdún kò bá ni ín lára. Tó bá jẹ́ NVIDIA ló wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀ fún RPM Fusion.

Ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ mọ bí Linux ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an lè lọ sí Arch, lórí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹni tó ní 2 GB, MX. Ẹni tó ní 32-bit, antiX, kó sì máa fojú sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹni tí Photoshop tàbí AutoCAD ń bọ́, kó fi Windows rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ni kó gbé Mint sí.